Ìjà tí Ìyàwó Mi Dájọ́ Rẹ̀

Kò sí òkun láàrin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì àti Bìní. Bí mo bá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù pé èmi náà lọ sí àjò, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Owó kan náà la ń ná, ọlọ́pàá kan náà ló ń dá ọkọ̀ wa dúró. Síbẹ̀, ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí ní Ekosodin, nínú yàrá kan lẹ́bàá yunifásítì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí sí pé kí n máa kọ́ni, mo jáde lọ kí bàbá onílé, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé omi wá. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi tí mo fi ṣubú.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá ṣàlàyé fún mi pé kíkúnlẹ̀ ni tiwọn, àti pé ìdílé Bìní kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ ibẹ̀ fi ń kí àgbà láàárọ̀. Bí ọmọ bá ti lanu báyìí, wọ́n ti mọ agboolé tó ti jáde. Mo bi í pé èwo ni kí èmi máa wá sọ. Ó ronú sí i.

"You fit just talk good morning," ó wí.

Obìnrin yìí kan náà ló pè mí lọ́jọ́ kejì pé kí n wá gba sítáàṣì. Nílé wa, aṣọ la máa ń fi sítáàṣì sí kó lè le gbagidi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kó ṣẹ́ẹ̀tì mi méjì fún un. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó wá ṣí ìkòkò. Oúnjẹ ni, epo ti jẹ́ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ọbẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí mo fi kó kúrò nílé yẹn, Ọ̀gá Ṣẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń pè mí.

Mo mọ̀ pé àjò kékeré ni mo lọ. Ṣùgbọ́n mo lo ohun tó lé ní ogún ọdún ní ìlú kan tí mi ò ti ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi kí àgbà láàárọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé nísinsìnyí ni ìjà ẹ̀ṣẹ́ kan. Ìyàwó mi ló dájọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ènìyàn ò sì tíì dákẹ́ lórí ìjà náà. Wọ́n ń bá mi fà á níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì, wọ́n ń bá mi fà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí lọ kà á.

*

Ìyá Dọlá, ìyàwó mi, wá bá mi ní Bìní lẹ́yìn tí mo ti rí ilé gbà ní ọ̀nà Ekenwan, nítòsí bárékè. Fèrè àwọn ṣọ́jà ló ń jí wa. Olùkọ́ eré ìdárayá ni. Ó rí iṣẹ́ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan kí èmi tó parí àròyé mi pé kò ní í rí. Èmi ni mo máa ń ṣàárò ilé, òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá tò sórí ìlà ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, tí mò ń retí kí wọ́n so mí pọ̀ mọ́ ilé ará àdúgbò tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gba ìpè ní Ìkẹ́rẹ́, òun á ti wà ní bárékè, á máa wo àwọn ṣọ́jà tó ń kan ẹ̀ṣẹ́.

Nígbà tí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ ń wá olùkọ́ tí wọ́n lè kọ́ ní iṣẹ́ adájọ́, ó lọ. Òun nìkan ni obìnrin tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó bá wọn pín omi. Ó pín omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó, ó ní kí ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ dìde lọ bu tirẹ̀. Nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí, a pa adìyẹ, a pe bàbá onílé wa tuntun, akọ̀wé ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Bìní pọ́ńbélé. Ó jẹ adìyẹ náà tán, ó ní òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé kí obìnrin máa sọ fún ọkùnrin pé wọ́n ti nà án. Ìyàwó mi ní ojoojúmọ́ ni obìnrin ń sọ ọ́, pé wọn ò fún un ní àga ni.

Nínú gbogbo ohun tí àjò fún wa, àga yẹn wà lára èyí tó dùn mọ́ mi jù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbà dé ibi tó dé. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Bìní, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, máa ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi nínú kíláàsì kan ní Upper Sakponba. Bàbá Ṣẹ́gun, tó ń ta fóòmù ìbùsùn, ni alága wa. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ kò ju ariwo lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kú nínú wa, a ó tẹ̀ lé òkú rẹ̀ dé ìlú rẹ̀, a ó sì yan ẹnì kan tí yóò bọ́ síwájú lẹ́bàá sàréè láti sọ fún àwọn ará ilé bí olóògbé ṣe bá ènìyàn gbé lẹ́yìn odi. Ìjẹ́rìí la ń pè é. Àwọn ará ilé máa ń dúró dè é, torí pé wọn ò sí níbẹ̀, wọn ò mọ ohun tí ọmọ wọn dà lójú àwọn ẹlòmíràn. Ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí òkú rẹ̀ ti Kánò dé pẹ̀lú awakọ̀ nìkan. Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Wọ́n ṣáà mọ̀ pé yóò ti ṣẹ̀ kan.

*

Ọjọ́ Sátidé kan ni ìjà náà, lọ́sàn-án. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ ṣojú ìpínlẹ̀ níbi ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Rọ́ṣídì ni tiwa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, Upper Sakponba ni wọ́n bí i sí, fọ́kànáísà ni, apá rẹ̀ sì le nítorí táyà tó ń tú lójoojúmọ́. Ọsáró, ọmọ ṣọ́jà kan ní bárékè, ni ó fẹ́ bá jà.

A háyà bọ́ọ̀sì, gbogbo wa sì jókòó pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan gbọ̀ngàn ìjà, lẹ́yìn igun Rọ́ṣídì gan-an, kó lè máa gbọ́ ohùn wa. Ìyàwó mi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tábìlì adájọ́, pẹ̀lú súwẹ́tà funfun. Gbogbo ìgbà tí apá Rọ́ṣídì bá yọ la ń pariwo. Èmi náà pariwo. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n jà, nígbà tí wọ́n sì parí, mi ò ní iyèméjì kankan pé ọmọ wa ló borí.

Wọ́n ka àmì. Adájọ́ kìíní fún Rọ́ṣídì. Ìkejì fún Ọsáró. Ó ku ti ìyàwó mi. Bàbá Ṣẹ́gun ti dìde, ó ti ń jó.

"Ó parí!" ó wí. "Ìyàwó wa ló kù!"

Wọ́n ka ti ìyàwó wa. Ọsáró ni.

Ọwọ́ Bàbá Ṣẹ́gun méjèèjì ṣì wà lókè. Ó pẹ́ kó tó rántí sọ wọ́n kalẹ̀.

Mo ti rò pé Ìyá Dọlá á bá àwọn adájọ́ yòókù lọ. Bọ́ọ̀sì wa ló wọ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó kí wọn.

Ọkọ̀ ti kọjá ọjà kí Bàbá Ṣẹ́gun tó yí ọrùn padà.

"Ìyá Dọlá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Rọ́ṣídì fi ṣe yín?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, sà. Kò kàn di ọwọ́ rẹ̀ dáadáa ni."

"Ẹ̀ṣẹ́ ló ń jù! Gbogbo wa la rí i!"

"Ìgbátí ni, sà. Ibi funfun tó wà níwájú ìbọ̀wọ́ ló gbọ́dọ̀ kan ènìyàn kí n tó lè kà á. Inú ìbọ̀wọ́ ló ń kàn án."

"Inú tàbí ìta, ṣé kò dun ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín, èyí tó burú jù.

"Ó dùn ún gan-an," ó wí. "Ẹni tí wọ́n bá gbá létí, kó lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi."

Rọ́ṣídì wà lórí ìjókòó iwájú pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn. Ojú rẹ̀ kan ti wú.

"Àǹtí," ó wí, láìyí ojú padà, "mo na ọmọ yẹn."

"O nà án, Rọ́ṣídì. O nà án bí ìyá ṣe ń na ọmọ."

Ariwo tó sọ lẹ́yìn èyí kò ṣeé kọ.

*

Ilé ìdáná wa ni ìjà náà wá ń gbé. Kò sí oṣù kan tí a kì í padà sórí rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé mo fi ojú mi rí i.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ rí," á dáhùn. "Ìgúnpá ló yọ síwájú tí ẹ fi pariwo. Ṣé ẹ rí ibi tó lọ bà?"

"Mo rí orí Ọsáró tó mì."

"Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tiyín, ṣé kò ní í mì?" Á wá gbé ṣíbí ìrokà, á dúró bí Ọsáró, á ní kí èmi jẹ́ Rọ́ṣídì. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní. Ó máa ń sọ pé nínú ìpele kẹta gan-an ni ìjà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, pé nínú èyí tó ṣáájú, bí ẹni tó ń tú táyà ni Rọ́ṣídì ń ju apá. Dọlá, ọmọ wa, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wá. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá tán, ó kàn jẹ́ pé kì í fi dáhùn ni. "Una don start again," á wí, á sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Ìyàwó mi kò yí mi lọ́kàn padà rí. Mi ò sì yí tirẹ̀ padà.

Ohun tó bà á nínú jẹ́ kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa. Bàbá onílé wa ló wá bá wa lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú inú rere, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Madam, I understand. Na your boy win that fight. You fear us small. Stranger must to fear. But we thank you."

Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, kò sì jẹun ọ̀sán. Ó ní òun lè fara da ẹni tó ní òun kò mọ iṣẹ́ òun. Ó ní òun lè fara da ẹni tó bú òun. Ṣùgbọ́n pé ẹnì kan rò pé òun ṣojúsàájú fún wọn, kó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ òun fún un!

Mo rò ó títí. Ohun tí àjò fi ń dá ènìyàn lágara nìyí. Bí o bá gbè lẹ́yìn àwọn tìrẹ, wọ́n á ní o ò kúrò nílé rí. Bí o bá gbè lẹ́yìn onílé, wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń bà ọ́ tàbí o fẹ́ kí wọ́n fún ọ ní nǹkan. Kò sẹ́ni tó gbà pé àlejò lè jókòó sórí àga, kó la ojú rẹ̀, kó sì sọ ohun tó rí. Ìyàwó mi rò pé òun lè ṣe é. Gbogbo ọdún tó lò ní Bìní lẹ́yìn náà, gbèsè ìdájọ́ yẹn ló fi ń san.

Ẹgbẹ́ kò lé e. Wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà: Ìyá Ọsáró. "Ìyá Ọsáró, ẹ kú ilé o." "Ẹ sún fún Ìyá Ọsáró kó jókòó." Ó ń jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, á dáhùn ketekete, á tún béèrè àlàáfíà ọmọ wọn. Èmi ni inú ń bí. Nígbà tí mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́yìn gbogbo ìdúró lórí ìlà yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Wọ́n ní ìyàwó rẹ ta ọmọ Yorùbá kan." Mo fẹ́ mọ bí ìròyìn ìjà ṣe ń rí ọ̀nà dé Ìkẹ́rẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà mi kì í dé.

Fóònù alágbèéká dé, ó bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Rọ́ṣídì ti fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ó ti gbé ìyàwó, ó ti ń ta táyà tuntun pẹ̀lú àlòkù, ó ti yọ ikùn. Bí ìyàwó mi bá lọ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ Rọ́ṣídì, àwọn ènìyàn á kóra jọ láti gbọ́ àríyànjiyàn àwọn méjèèjì.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni ìyàwó mi kú, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará ẹgbẹ́ wá kí mi. Yàrá ìgbàlejò wa kún. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, ẹnì kan ní, "Obìnrin dáadáa ni," ẹlòmíràn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àfi ti ọjọ́ yẹn." Kí n tó mọ̀, wọ́n ti wà ní ìpele kejì. Ẹnì kan dìde láti fi bí Ọsáró ṣe fẹ̀yìn ti okùn hàn, ó sì taari fọ́tò ìyàwó mi tí a gbé kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìbánikẹ́dùn. Mo gbé fọ́tò náà dìde.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, Bàbá Ṣẹ́gun dúró. Ó sún àga mọ́ mi.

"Bàbá Dọlá, ẹ̀dùn ọkàn yín ni tiwa. Ẹgbẹ́ fẹ́ bá yín lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan."

"Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí?"

"Ìyá Rọ́ṣídì ṣì wà láàyè, sà. Bí ẹ bá lè wá sí ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi, kí ẹ kàn sọ lórúkọ rẹ̀ pé àṣìṣe ni. Ọ̀rọ̀ kan péré. Àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. A ó dárí jì í, a ó yan ẹni tó máa jẹ́rìí, ó tán."

"Kò sọ pé àṣìṣe ni nígbà tó wà láàyè."

"Ẹ̀yin fúnra yín gbà pé àṣìṣe ni! Ẹ jókòó tì mí lọ́jọ́ náà!"

"Èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀. Òun kò gbà."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò fẹ́ mu oògùn. "Ta wá ló máa jẹ́rìí fún un lọ́hùn-ún?" ó béèrè. Kò bi mí láti fi halẹ̀ mọ́ mi. Ó dùn ún nítòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó bi mí ní ohun kan náà. Mo ní a ṣì ń jíròrò. Dọlá gbọ́ mi. Ó ti di àgbà, ó ti gba iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì wú fún ẹkún.

"Daddy, tell them wetin dem wan hear. Na just talk. You want make we carry Mummy go like person wey no get people?"

"Kò ṣeé ṣe."

"But you sef dey talk say Roshidi win!"

Mo ní ohun tí mo gbà pé òótọ́ ni jẹ́ tèmi, kì í ṣe tèmi láti fi sí i lẹ́nu nígbà tí kò lè dá mi lóhùn. Dọlá nu ojú rẹ̀. "You and Mummy, una na the same," ó wí, ó sì lọ pa aṣọ ìyá rẹ̀ pọ̀.

Mi ò lọ sí ìpàdé.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa gbé e lọ, ọkọ̀ òkú ti dúró, kò sì sí bọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn olùkọ́ méjì láti ilé ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, àti bàbá onílé tó ti darúgbó, tó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ òun ò jẹ́ kí òun lè lọ. Mo ní kí awakọ̀ ṣíná ọkọ̀. Ìgbà náà ni bọ́ọ̀sì kan dé, tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù táyà wà lára rẹ̀. Rọ́ṣídì ló ń wà á. Ó kó ìyàwó rẹ̀ àti díẹ̀ nínú àwọn ará ẹgbẹ́. Ní iwájú, pẹ̀lú fìlà dúdú, Bàbá Ṣẹ́gun jókòó, ó dijú mọ́rí.

"Òkú ni mo wá sin," ó sọ fún mi láti ojú fèrèsé. "Mi ò wá sin ìdájọ́ rẹ̀. Mi ò sì ní í jẹ́rìí."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Kò sẹ́ni tó rán mi o. Èmi ni mo rán ara mi."

Wọ́n jiyàn ìjà náà dé Ifọ̀n. Mo wà nínú ọkọ̀ òkú, ṣùgbọ́n nígbà tí a dúró ra omi, mo gbọ́ wọn: Rọ́ṣídì ń ṣàpèjúwe, ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí ìdarí ọkọ̀, àwọn olùkọ́ méjèèjì, tó ti bá wọn wọ bọ́ọ̀sì, ń bi í ní ìbéèrè. Ní Ọ̀wọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti gbè é lẹ́yìn. Nígbà tí a fi dé Àkúrẹ́, kò sí ẹnì kankan mọ́ nínú bọ́ọ̀sì yẹn tó gbà pé Ọsáró ló borí. Mo gbé ọwọ́ lé pósí náà. Mo ronú pé láàrin gbogbo àwa tí a ń sin ín lọ, kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́bàá sàréè, lẹ́yìn orin, Pásítọ̀ bi wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń bi.

"Àwọn ará Bìní dà? Ta ló máa bá wa jẹ́rìí?"

Àwọn ará ilé yíjú sí wa. Bàbá Ṣẹ́gun ń wo bàtà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wò wọ́n, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Mo mọ ẹni tó ń rántí: ọkùnrin Kánò.

Rọ́ṣídì ló bọ́ síwájú. Ó ti dúró lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ nígbà tí a ń kọrin, nítorí Mùsùlùmí ni.

"Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, ẹ kú ìrọ́jú o. Rọ́ṣídì lorúkọ mi. Táyà ni mò ń tà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ja ìjà kan, mo sì borí. Obìnrin tí ẹ fẹ́ sin yìí ló ní n ò borí."

Àwọn ènìyàn kùn. Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Rọ́ṣídì gbé ọwọ́ sókè.

"Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Alága wa bẹ̀ ẹ́, ó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ bi í. Lọ́jọ́ tí mo gbéyàwó, ìyá mi ń ṣàìsàn, obìnrin yìí ló jókòó sí ipò ìyá mi láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, Àǹtí, ẹ fi ìjà yẹn ta mí lọ́rẹ lónìí, ẹ kàn ní mo borí, ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni. Ó fún mi ní odindi ìkòkò mẹ́ta. Ó ní ti ìjà, rárá." "Bó ṣe bá wa gbé nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè rà á, kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rẹ́ mú un. Mo ti jẹ́rìí." Ó yí padà, ó tún yí wá. "Ṣùgbọ́n mo borí o."

"O ò borí," ni ẹnì kan wí.

Èmi ni. Gbogbo wọn wò mí.

"Kí lẹ wí, sà?"

"O ò borí, Rọ́ṣídì. Ìgbátí ni. O ò di ọwọ́ rẹ."

"Bàbá Dọlá!" Bàbá Ṣẹ́gun ti gbójú kúrò lára bàtà rẹ̀. "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí! Ariwo yín ju tèmi lọ!"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ la jókòó sí, alága. Kí la rí? Ìgúnpá la rí. Ta ló rí ibi tó lọ bà?"

"Orí ọmọ yẹn ń mì!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá yín, ká wò ó bóyá tiyín ò ní í mì."

"Ẹ̀yin ará," Pásítọ̀ wí, "ẹ jọ̀ọ́, ibi tí a wà..."

"Ẹ dúró ná, Pásítọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó ti sún mọ́ mi. "Ibo gan-an ló gbọ́dọ̀ kàn kí wọ́n tó kà á?"

Mo di ọwọ́ mi, mo sì fi ibi tí funfun ìbọ̀wọ́ máa ń wà hàn án. Rọ́ṣídì ní kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Àbúrò ìyàwó mi, tí kò rí ìjà ẹ̀ṣẹ́ rí láyé rẹ̀, ní ibẹ̀ ni. Àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ igi ti ń pín sí méjì. Mo ní kí Rọ́ṣídì dúró bó ṣe dúró lọ́jọ́ náà, èmi sì dúró bí Ọsáró, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó ga, mi ò sì lè dá a dúró. Dọlá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn, Dádì," ó wí, ní Yorùbá.

Pásítọ̀ ti bu erùpẹ̀, ó gbé e dání lórí sàréè, ó ń wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù díẹ̀. Mi ò tíì dé ìpele kẹta.